Alágbàfọ̀ Tí Báńkì Kọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí alágbàfọ̀ yín jẹ́, ẹ gbàgbé owó sínú àpò ṣòkòtò, kí ẹ wá gbé e fún un. Ní ṣọ́ọ̀bù tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ohunkóhun tó bá bá aṣọ wọlé, ó ń bá aṣọ jáde.

Báláú ni àwọn oníbàárà ń pe ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí pé aṣọ funfun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, funfun báláú ni. Ó ní òfin kan tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú. Kí wọ́n tó ki aṣọ bọ omi, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo àpò rẹ̀ wò, kí wọ́n kó ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ sínú àpòòwé kékeré, kí wọ́n kọ nọ́ńbà aṣọ sí i, kí wọ́n sì so ó mọ́ ọrùn háńgà. Bó bá jẹ́ ìwé ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kà á.

"Ìwé tí orúkọ mi ò bá sí lára rẹ̀, ojú mi ò gbọdọ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá kọ lẹ́tà pé ilé wọn ń jó, ọkọ òun á kọ́kọ́ yí àpòòwé wò bóyá òun gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ti wọ ilé púpọ̀ ládùúgbò, àwọn tó ń gbé aṣọ ogún wá tẹ́lẹ̀ ti ń gbé ẹyọ méjì wá, èyí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí òde pàtàkì. Owó ilé ṣọ́ọ̀bù ti di ohun tí wọ́n ń fi ìrọ́jú san. Ìgbà tí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lópin òpópónà wá ní kí Báláú máa fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn, ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àgbá ọṣẹ, ó sì dúpẹ́ títí.

Ohun kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn béèrè. Wọn kì í san owó lọ́wọ́. Kí Báláú mú nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lórúkọ ara rẹ̀ wá kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Báláú wọ aṣọ tó mọ́ jù lọ, ó gba báńkì lọ.

Ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ẹ má bínú," ló wí. "A ò ní lè ṣí àkáǹtì fún yín."

"Kí ló dé? Ìwé wo ni mi ò mú wá?"

"Ìwé yín pé. Ìtàn yín ní báńkì ni ò dáa."

"Ìtàn wo? Èmi tí mi ò wọ báńkì láti ọdún mẹ́rin."

Ọmọ náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ kan ló ń tọ́jú ìtàn àwọn oníbàárà fún gbogbo báńkì. Àdírẹ́sì wọn nìyí. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà, ẹ̀tọ́ yín ni."

Báláú ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ẹni mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, àgbàlagbà kan láàárín wọn sì jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ó rọ́ ìwé tí wọ́n fún un sínú àpò, ó sì jáde láì kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ bó ṣe rí.

Obìnrin náà fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ má bínú pé mo béèrè o. Ẹ ò jẹ báńkì kankan lówó?"

"Ìwọ náà?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Ọdún mélòó la ti jọ wà? Ìgbà wo lo rí i kí n mú ohun tí kì í ṣe tèmi?"

"Mi ò rí i rí," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ pé bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún Alọṣọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Báláú lára.

Alọṣọ ni ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlá bá wọn lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bó bá lọ ṣòkòtò, ìlà ẹsẹ̀ rẹ̀ á le bí ọ̀pá. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó lọ ṣí àkáǹtì, báńkì kọ̀, wọ́n ní ìtàn rẹ̀ ò mọ́. Kò fi pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún Báláú, nítorí pé bí ẹ̀gbọ́n ló ṣe mú un, ó sì fẹ́ kó gba òun nímọ̀ràn.

Báláú ò gbà á nímọ̀ràn kankan. Ó ka owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un pé pérépéré, ó ní, "Àpò olówó-àpò ló wà níkàáwọ́ wa níbí. Ẹni tí báńkì ò fọkàn tán, èmi ò lè fi í sídìí àpò oníbàárà. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ohun tí mo ṣe," ni Alọṣọ wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Ìyàwó Báláú bẹ̀bẹ̀ títí lọ́jọ́ náà, ọkọ rẹ̀ ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ sì tàn kálẹ̀ ládùúgbò pé Báláú lé Alọṣọ nítorí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó Báláú fẹ́ fọ aṣọ tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ lọ sí báńkì. Ó yẹ àpò wò bí òfin ṣe wí, ó bá ìwé níbẹ̀, ó sì nà án sí i láì tú u.

"Orúkọ yín ló wà lára èyí," ló wí. "Ẹ kà á."

Bó ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni Ìyá Onígíláàsì wọlé wá gba aṣọ rẹ̀. Ìyá náà ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ báńkì kó tó fẹ̀yìn tì, gíláàsì ojú rẹ̀ sì nípọn débi pé àwọn ọmọdé máa ń rò pé ó ń rí ọ̀la. Ó wo ojú Báláú, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n kọ̀ fún ọ ní báńkì," ló wí. Kò béèrè, ó kàn sọ ọ́.

"Ìyá, ta ló sọ fún yín?"

"Mo ti fún èèyàn tó pọ̀ ní irú ìwé yìí rí. Gbé àga wá."

Ìyá jókòó. "Ṣé o rí bí ilé ìwé ṣe máa ń kọ̀wé nípa ọmọ tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìwé mìíràn? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn báńkì ń ṣe. Bí o bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó lẹ́yìn, bí àkáǹtì rẹ bá wọ gbèsè tí o ò san án, tàbí kí báńkì fúnra rẹ̀ ti àkáǹtì rẹ pa, wọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ ṣí òmíràn, báńkì tuntun á kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn."

"Ta ló wá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ?"

"Ìwọ ni. Bí o ò bá yẹ̀ ẹ́ wò, kò sẹ́ni tó máa bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mú bírò."

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ lẹ́tà náà. Ìyá ní kó fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sí i, kó sì kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù sí i kedere, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á fi èsì ránṣẹ́ sí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni èsì fi dé. Báláú ò dá tú u. Ó dúró de Ìyá Onígíláàsì.

Ohun méjì ló wà nínú ìwé náà. Èkíní sọ pé ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì mẹ́ta tí kò lówó lẹ́yìn ní ìlú kan tí kò dé rí.

"Wo ọdún tí wọ́n bí ẹni yìí," ni Ìyá wí, ó fi ìka tẹ ibẹ̀.

"Ó fi ọdún mẹ́rìnlá kéré sí mi."

"Orúkọ kan náà lẹ jọ ń jẹ́, òun lọ̀tọ̀, ìwọ lọ̀tọ̀. Wọ́n ṣi ìtàn rẹ̀ kọ mọ́ ọ lọ́rùn ni. Èyí ò le. A ó kọ̀wé pé kì í ṣe tìrẹ, a ó fi ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ sí i, wọ́n á wádìí."

Ara Báláú ti ń yá gágá. "Ìyá, kí a kọ bẹ́ẹ̀ sí èkejì náà. Mi ò ní àkáǹtì ní báńkì tí wọ́n dárúkọ yìí."

"Rọra. Àkáǹtì olórúkọ méjì ni. O ò dá ṣí i. Báńkì ń yọ owó ìtọ́jú lóṣooṣù, kò sí owó nínú rẹ̀, gbèsè ń gorí gbèsè. Wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò fèsì, ni wọ́n bá tì í pa. Wo orúkọ kejì."

Báláú wò ó. Ó tún un wò. Orúkọ Alọṣọ ni.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àkáǹtì ẹgbẹ́ nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ sì ni. Nígbà kan, alágbàfọ̀ mẹ́fà ládùúgbò náà para pọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa ra ọṣẹ lápapọ̀. Báláú ni akápò, Alọṣọ ni akọ̀wé. Báńkì ò gbà kí wọ́n ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́ nítorí wọn ò tíì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ni àwọn méjèèjì bá fi orúkọ ara wọn ṣí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí báńkì máa kọ orúkọ ẹgbẹ́ sẹ́yìn lẹ́tà tó bá ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Báláú. Nígbà tí ẹgbẹ́ tú ká, wọ́n lọ kó gbogbo owó náà jáde, wọ́n pín in dọ́gba láì ku kọ́bọ̀, oníkálùkù sì bá tirẹ̀ lọ.

"A kó o tán pátápátá," ni Báláú wí. "Òfìfo ló kù."

"Ṣé ẹ sọ fún báńkì pé kí wọ́n tì í?"

"Kí la tún fẹ́ sọ? Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́."

Ìyá mi orí. "Ilé tí èèyàn kó ẹrù jáde nínú rẹ̀, tí kò sọ fún onílé, owó ilé ń lọ síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin tí wọ́n kọ ńkọ́?"

Báláú dìde, ó lọ sídìí dúrọ́ọ̀, ó sì kó ìdì àpòòwé kan jáde. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣí ọ̀kankan rí. "Sí Ẹgbẹ́ Alágbàfọ̀" ni wọ́n kọ sẹ́yìn wọn. Báláú ti tọ́jú wọn de alága ẹgbẹ́, tó ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Kò ṣí wọn nítorí pé orúkọ rẹ̀ kọ́ ló wà lẹ́yìn wọn.

Ìyàwó rẹ̀ ò fi ti ọ̀tẹ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ pé kì í ṣe tèmi," ni Báláú wí lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Owó ẹgbẹ́ ni. N kò jẹ nínú rẹ̀."

"Bí o bá parọ́ lórí èyí tó jẹ́ tìrẹ, ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́ lórí èyí tí kì í ṣe tìrẹ?" ni Ìyá dáhùn. "Orúkọ rẹ lo fi ṣí i. Lọ san án, kí o gba ìwé pé o ti san án. Kò ju owó aṣọ mélòó kan lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ti ẹnì kejì yìí. Níbo ló wà? Ohun tó wà nínú ìwé rẹ yìí, ó wà nínú tirẹ̀ náà."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá já lu Báláú. Ohun tí báńkì fi kọ Alọṣọ lọ́dún méjì sẹ́yìn nìyí. Alọṣọ ò jí nǹkan kan, kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Gbèsè tí àwọn méjèèjì jọ jẹ láìmọ̀ ni, lẹ́tà tí ìbá sì ti là wọ́n lójú, inú dúrọ́ọ̀ tòun ló wà ní gbogbo ìgbà tí òun ń ka owó iṣẹ́ ìkẹyìn sí i lọ́wọ́. Ojú tì í débi pé kò lè wo ìyàwó rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́," ni Ìyá Onígíláàsì wí jẹ́jẹ́, nígbà tó gbọ́ ìtàn náà tán. "Ṣùgbọ́n má tìtorí ìyẹn jókòó."

Báláú lọ san gbèsè náà lọ́jọ́ kejì, ó gba ìwé ẹ̀rí tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀, ó ní kí báńkì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé gbèsè kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kọ̀wé takò ti ṣẹ́ẹ̀kì. Ó ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó parí ìwádìí. Wọ́n yọ ti ṣẹ́ẹ̀kì kúrò pátápátá. Wọn ò yọ ti àkáǹtì ẹgbẹ́, wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó ti san án, báńkì sì fi ìyẹn ṣí àkáǹtì fún un.

Ṣùgbọ́n oṣù ti parí. Ilé ìwòsàn ti gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ní ẹ̀wù funfun àwọn dókítà nìkan ló kù tí wọ́n lè fún un. Báláú gbà á, ó dúpẹ́. Ó tó owó ilé ṣọ́ọ̀bù san.

Ṣùgbọ́n kò dúró de gbogbo ìyẹn kó tó lọ bá Alọṣọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó san gbèsè ló lọ. Alọṣọ ti di aṣọ́nà ní ilé ìkẹ́rùsí kan, yàrá kan ló sì ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ṣí ilẹ̀kùn, kò sọ pé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé.

Báláú na ìwé ẹ̀rí náà sí i, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì fi ọ̀kan pa mọ́: àkáǹtì ẹgbẹ́, lẹ́tà mẹ́rin, dúrọ́ọ̀. "Báńkì kọ èmi náà," ló wí. "Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ará àdúgbò pé irọ́ ni ohun tí wọ́n gbọ́, mo sì ń sọ ọ́ lọ. Àyè rẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù bí o bá fẹ́ ẹ."

Alọṣọ ka ìwé náà pẹ́. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí níkẹyìn, "ọdún méjì ni ọmọ mi fi ń bi mí pé, 'Bàbá, kí lẹ jí?' Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ẹ̀yin lẹ lé mi, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé ẹ̀yin kì í parọ́ mọ́ èèyàn."

"Ṣé ó wà nílé?"

"Ó wà nínú."

"Jẹ́ kí n dá a lóhùn fúnra mi."

Alọṣọ rò ó. Lẹ́yìn náà ló yẹra lẹ́nu ọ̀nà. Báláú wọlé, ó kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ojú ọmọ ọdún mẹ́wàá náà dọ́gba, ó ní, "Bàbá rẹ ò jí ohunkóhun. Èmi ni mo ṣi ẹjọ́ dá." Ọmọ náà yíjú wo bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, báńkì ń kọ ìtàn yín, ẹ̀yin náà ẹ máa kà á. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá kọ̀ fún yín kí ẹ tó béèrè ẹ̀dà. Bó bá dé, orúkọ nìkan kọ́ ni kí ẹ wò, ẹ wo ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì pẹ̀lú, torí orúkọ ń jọra. Èyí tí kì í ṣe tiyín, ẹ kọ̀wé takò ó pẹ̀lú ẹ̀rí, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ. Èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ san án, ẹ gba ìwé, kí ẹ rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ sí ìtàn yín. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun á gbowó lọ́wọ́ yín láti bá yín pa òótọ́ rẹ́ níbẹ̀, ẹ sá fún un.

Àkáǹtì tí ẹ kó owó inú rẹ̀ tán kò tíì parí. Ẹ lọ sọ pé kí wọ́n tì í, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n ti tì í. Bí ẹ bá fi orúkọ yín ṣí i fún ẹgbẹ́, fún ẹbí tàbí fún ọ̀rẹ́, tiyín ni, tẹni tí ẹ jọ ṣí i náà sì ni. Lẹ́tà báńkì tó bá dé ojúlé yín lórí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí i.

Bẹ́ ẹ bá sì gbọ́ pé báńkì kọ ẹnìkan, ẹ ní sùúrù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé tí wọ́n ṣì kọ nípa Báláú, oṣù kan àti díẹ̀ ni wọ́n fi tún un ṣe. Ọdún méjì tí ọmọ kan fi wo bàbá rẹ̀ bí olè, kò sí ilé iṣẹ́ tí a lè kọ̀wé sí kí wọ́n bá wa yọ ọ́ kúrò.